Ọjọ́ Tí Iná Kò Jó: Ìpanu Àìdáná àti Ẹ̀yẹ Igbá Ọdún ní Ìbàdàn Àtijọ́

Àṣamọ̀

Ìwádìí lórí oúnjẹ Yorùbá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdáná. Iyán, ọkà, ọbẹ̀ àti ẹran ni ó máa ń gba àfiyèsí. Àpilẹ̀kọ yìí gbájú mọ́ àwọn ohun jíjẹ tí kò kan iná lọ́jọ́ tí wọ́n ń jẹ wọ́n, tí àwọn ará Ìbàdàn àtijọ́ fi ń ṣe igbá àti àwo ọdún lẹ́ṣọ̀ọ́: obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, èso igi àti ẹ̀kọ tútù. Ó fi hàn pé èèwọ̀ iná dídá ní ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn ni ó fún irú ìpanu bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ ìtàn. Nípa pípa iná ni àwọn tí ogun kó wá sí ìlú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi gba ebi àwọn ará orí òkè gẹ́gẹ́ bí ìtàn tiwọn. Nípa títo igbá ni wọ́n sì fi mú orírun àti ipò tiwọn wọ inú ìtàn náà. Àpilẹ̀kọ náà tún tọpa àwọn àyípadà tí ọkọ̀ ojú irin, awo tánganran, ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì mú bá àṣà yìí títí di òde òní.

Kókó-ọ̀rọ̀: Ìbàdàn, Òkè'Bàdàn, ìpanu, obì, oúnjẹ ọdún, ìtàn ìlú

Ìfáárà

Nígbà tí àlejò bá wọ agbo ilé kan ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Bẹ́yẹrúnkà ní ọjọ́ ọdún, ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé ka iwájú rẹ̀. Omi tútù ni yóò ṣáájú. Obì yóò tẹ̀ lé e nínú igbá tàbí nínú àwo, pẹ̀lú èso tí àsìkò bá mú wá. Irú ohun tí ọwọ́ ń bà kí oúnjẹ gidi tó dé yìí ni Yorùbá ń pè ní ìpanu. Orúkọ náà fi hàn pé ẹnu ni wọ́n ń fi í pa, wọn kì í fi í yó ikùn. Bóyá nítorí èyí ni àwọn òǹkọ̀wé ìtàn kò fi kà á sí. Ohun tí kò yóni kò jọ ohun tí ó lè ru ìtàn.

Àwọn iṣẹ́ ńláńlá lórí ìtàn Ìbàdàn dá lé ogun, oyè, òwò àti ìṣèlú. *Ìwé Ìtàn Ìbàdàn* tí Isaac B. Akínyẹlé kọ ní èdè Yorùbá ní ọdún 1911, ìwé Samuel Johnson tí ó jáde ní 1921, iṣẹ́ tí Lloyd, Mabogunje àti Awẹ́ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1967, àti èyí tí Fálọlá ṣe lórí ọrọ̀ ajé ìlú náà ní 1984, gbogbo wọn ni wọ́n kó òye púpọ̀ jọ nípa bí ibùdó ogun ṣe di ìlú ńlá. Parrinder (1953) àti Watson (2003) tún fún ọdún Òkè'Bàdàn ní ààyè, èkíní láti ojú ẹ̀sìn, èkejì láti ojú ìṣèlú. Ohun tí àwọn ènìyàn gbé ka iwájú ara wọn ní ọjọ́ ọdún náà ni kò tíì rí àfiyèsí tí ó tọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún tí ó tóbi jùlọ ní ìlú náà jẹ́ ọdún tí a kò gbọ́dọ̀ dáná. Ìlú tí ó bá fi àìdáná ṣe àjọ̀dún ti fi oúnjẹ sọ ohun kan nípa ara rẹ̀, ohun náà sì tó yẹ̀ wò.

Òro, ìkarahun àti ẹ̀kọ tútù: ìrántí orí òkè

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lágelú, jagunjagun tí ó wá láti Ilé-Ifẹ̀, ni ó tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó ní ẹ̀bá ọ̀dàn, níbi tí igbó òun pápá ti pàdé. Wọ́n ní ibẹ̀ parẹ́ nítorí pé aṣọ eégún kan ṣí lójú ọjà ní ọjọ́ ọdún, tí àwọn obìnrin àti ọmọdé sì fi í ṣẹ̀sín. Ẹ̀sìn eégún ni wọ́n tàbùkù sí. Ìbínú rẹ̀ ni ó kó ogun bá ìlú. Lágelú àti àwọn tí ó ṣẹ́kù sá gun orí òkè. Ibẹ̀ ni ebi ti bá wọn. Èso òro ni wọ́n ń já jẹ kí wọ́n tó sùn, ìgbín ni wọ́n ń ṣà jẹ, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì fi ń fọ́ òrí mu, ìyẹn ni pé wọ́n ń po ẹ̀kọ tútù mọ́ omi nínú rẹ̀ bí ẹni ń lo abọ́. Àwọn ohun mẹ́ta yìí ni oríkì Ìbàdàn mú dání títí di òní. Ìlú púpọ̀ ni oríkì wọn ń fi oúnjẹ àsè yangàn. Oúnjẹ ìyà ni ti Ìbàdàn fi ń yangàn ní tirẹ̀.

Ó yẹ kí a yẹ àwọn ohun mẹ́ta náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òro ni igi tí kóró èso rẹ̀ ń fún wa ní àpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀. Ara èso náà, tí ó jọ máńgòrò kékeré, kò nílò iná. Bí a bá ti já a ni a ó jẹ ẹ́. Ìkarahun kì í ṣe oúnjẹ. Ohun èlò ni. Ó sọ fún wa pé àwọn tí ó sá gòkè kò rí igbá tàbí àwo gbé sá. Ìgbín nìkan ni ó nílò iná nínú wọn. Ẹ̀kọ ní tirẹ̀ jẹ́ oúnjẹ tí iná ti kúrò lára rẹ̀: a ti sè é, a ti pọ́n ọn sínú ewé, ó ti tutù, ó sì ti dì. Omi nìkan ni ó kù kí a bù sí i. Bí a bá yọ ìgbín sẹ́yìn, oúnjẹ orí òkè jẹ́ oúnjẹ tí ó ṣeé pèsè láìsí ààrò, láìsí ìkòkò, láìsí ẹ̀fín tí yóò tú àṣírí ẹni tí ó sá pamọ́.

Ọ̀rọ̀ àsìkò tún wà níbẹ̀. Oṣù Kẹta ni ọdún Òkè'Bàdàn máa ń bọ́ sí, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ sì ń yọjú. Nígbà òjò gan-an ni òro sábà máa ń pọ́n. Èyí túmọ̀ sí pé èso tí ìlú fi ń kí ara rẹ̀ lè ṣàì sí lórí igbá ní ọjọ́ tí wọ́n ń rántí rẹ̀. Àgbálùmọ̀ ni ó wà lóde nígbà náà, àti kàṣú. Máńgòrò àkọ́so pẹ̀lú ti ń bọ̀ lọ́nà. Òro wà lẹ́nu apohùn, àgbálùmọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọdé. Ìrántí kò fi dandan mú ìlú láti jẹ ohun kan náà tí àwọn ará ìṣáájú jẹ. Ohun tí ó béèrè ni pé kí wọ́n jẹun lọ́nà kan náà, láìdáná.

Ọjọ́ tí ẹ̀fín kò gòkè

Ìlànà ọdún náà ṣe kedere. Abòkè, àwòrò Òkè'Bàdàn, ẹni tí ń di irun bí obìnrin tí ó sì ń wọ aṣọ funfun, ni ó ń ṣáájú ètùtù. Ọjà kì í ná, oko kì í yá, iná kì í jó nínú ààrò. Àwọn ọ̀dọ́ a máa kọrin kiri àdúgbò, orin tí wọn kò jẹ́ dán wò ní ọjọ́ mìíràn, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ohun sísè ní láti ti sè é ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Fún ìyàwó ilé, ọdún Òkè'Bàdàn bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé: pọ́npọ́n ni ẹ̀kọ ti gbọ́dọ̀ wà nínú ewé, kí omi kún àmù, kí obì àti èso ti wà nílẹ̀, nítorí pé kò sí ọjà tí a lè sáré lọ ní ọ̀la.

Ta ni ń pa iná yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún? Ìbéèrè yìí ni ó gbé kókó ọ̀rọ̀ jáde. Àwọn tí ó kún Ìbàdàn láti nǹkan bí ọdún 1829 kì í ṣe ọmọ àwọn tí ó jẹ òro lórí òkè. Ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n, tí wọ́n jọ fọ́ Òwu, tí wọ́n sì pàgọ́ sí Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n sá kúrò ní àwọn ìlú Ọ̀yọ́ tí ogun tú ká ń dara pọ̀ mọ́ wọn lójoojúmọ́. Ọjà tí ó wà láàárín ibùdó náà gba orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé, jagunjagun Ọ̀yọ́ tí ó di Baṣọ̀run, tí ó sì kú ní 1847. Kò sí èyí tí ó ní bàbá ńlá lórí òkè Lágelú nínú àwọn olórí wọ̀nyí. Síbẹ̀, àwọn náà gba ọdún òkè, wọ́n gba oríkì òro àti ìkarahun, wọ́n sì ń pa iná nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé.

Ní ìlú tí kò ní ọba aládé ní ìbẹ̀rẹ̀, tí oyè kò sì jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo, àìdáná jẹ́ ọ̀nà tí ó rọrùn jùlọ fún àlejò láti di onílé. Kò gba owó, kò gba ìran, kò béèrè èdè àdúgbò. Ẹni tí ààrò rẹ̀ bá tutù ní ọjọ́ náà ti di ará Ìbàdàn. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn wò. Àwọn tí ogun ti bì ṣubú ní ìlú baba wọn wẹ̀yìn, wọn kò rí ìlú náà mọ́; ni wọ́n bá yá ẹ̀yìn tí àwọn mìíràn ní, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Ebi orí òkè kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ẹni tí ó sá fún ogun láti Ọ̀yọ́ Ilé mọ ohun tí a ń pè ní jíjẹ èso igbó sùn.

Òfin náà tún ṣe ohun mìíràn. Ẹ̀fín tí ń jáde láti inú agbo ilé balógun kan tó láti sọ iye ẹnu tí ń jẹun níbẹ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tí ó kú ní 1874, ní oko àti ẹrú púpọ̀. Ààrò irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti opó tí ń ta ewé. Ní ọjọ́ Òkè'Bàdàn, kò sí ẹ̀fín ní ilé Ìyálóde, kò sí ní ilé opó. Ìwọ̀n wákàtí díẹ̀ ni ìdọ́gba yìí mọ, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń fi agbára du ipò.

Igbá obì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà

Nígbà tí iná bá kú, ọgbọ́n sísè kò wúlò mọ́. Ọgbọ́n títò ni ó kù. Ibí yìí ni ìyàtọ̀ láàárín ilé àti ilé ti padà wọlé. Igbá tí wọ́n gbé obì lé lè jẹ́ igbá lásán tí a pa láti oko, ó sì lè jẹ́ igbá fínfín, ọlọ́mọrí, iṣẹ́ ọwọ́ tí ìlú Ọ̀yọ́ lókìkí fún. Àwọn tí ó ṣí wá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kó ìfẹ́ igbá fínfín wá. Ìkarahun ni oríkì dárúkọ. Igbá ọlọ́mọrí ni ilé ọlọ́rọ̀ gbé jáde. Ìbàdàn rántí àìní àwọn ará òkè, síbẹ̀ kò fẹ́ kí àlejò rò pé àìní ṣì wà nílé.

Obì fúnra rẹ̀ gba ìtọ́jú. Inú ewé tútù ni wọ́n máa ń fi í pamọ́ sí kí ó má baà gbẹ. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò, nítorí pé inú obì ni kòkòrò tí ń jẹ obì máa ń wà. Obì àbàtà, tí ó sábà máa ń ní awẹ́ mẹ́rin, ni ti ètùtù àti àdúrà. Gbànja, tí ó ní awẹ́ méjì, ni ti ọjà àti ti ẹnu. Obì pupa wà, obì funfun sì wà, ẹni tí ojú rẹ̀ bá là yóò tò wọ́n kí ọ̀kan gbé èkejì yọ. Orógbó yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú odindi ataare tí wọn kò ní là títí àgbà yóò fi súre. Oyin yóò wà nínú abọ́ kékeré, iyọ̀ nínú òmíràn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ó gbé ka iná, gbogbo wọn ni ó sì ní iṣẹ́ nínú ìwúre: orógbó fún gbígbó, oyin fún adùn, iyọ̀ fún ayé tí kò ní tẹ́. Àgbà ni yóò gbàdúrà sí i. Ẹni tí ó kéré jù níjòókòó ni yóò sábà pín in yípo.

Èso náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tí yóò bó ọsàn fún àlejò yóò fi ọ̀bẹ mímú yí i po, kí èèpo òkè jáde bí òkùn kan ṣoṣo kí funfun abẹ́ rẹ̀ sì ṣẹ́kù, nítorí pé ọsàn tí a bá bó kanlẹ̀ yóò máa jò. Àwọn mìíràn máa ń fi èèpo sílẹ̀ ní ìlà ìlà láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá gé àgbálùmọ̀ ní ìbú, kóró rẹ̀ yóò tò yípo bí ìràwọ̀. Ìrèké tí a bó tí a sì gé ní oríkèé oríkèé, àgbọn tí a là tí a sì gé pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ẹ̀kọ tí a tú kúrò nínú ewé tí ojú ewé ṣì hàn lára rẹ̀: ẹwà ohun wọ̀nyí wà nínú bí ọ̀bẹ àti ọwọ́ ṣe lò wọ́n. Iṣẹ́ obìnrin ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì máa ń fi kọ́ ọwọ́ mímọ̀ lò kí wọ́n tó fi ìkòkò lé wọn lọ́wọ́.

Igbá kan ṣoṣo yìí tún jẹ́ àkójọ ọ̀nà òwò Ìbàdàn. Ilẹ̀ igbó ni obì àti ataare ti ń wá. Iyọ̀ ń gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ọ̀nà Ẹ̀gbá wọlé láti etí òkun. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí wọ́n sì dí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, iyọ̀ di ọ̀wọ́n ní Ìbàdàn. Anna Hinderer, ìyàwó òjíṣẹ́ ìjọ CMS tí ó gbé ní Kúdẹtì láti 1853 di 1869, fojú winá àìní àsìkò náà pẹ̀lú àwọn ará ìlú. Ọ̀nà tún dí nígbà ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Abọ́ iyọ̀ kékeré lórí igbá ọdún ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ẹ̀rí ni pé baálé náà ní ẹni tí ó mọ̀ lójú ọ̀nà, tàbí pé ó ti tọ́jú díẹ̀ pamọ́ kí ọ̀nà tó dí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ogun ṣe kan ilé kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ láti inú abọ́ iyọ̀ náà.

Ọkọ̀ ojú irin, tánganran àti tábìlì

Ìbàdàn bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nípa àdéhùn 1893, ọkọ̀ ojú irin sì dé ibẹ̀ láti Èkó ní 1901. Ohun méjì ni èyí yí padà nínú ọ̀rọ̀ ìpanu ọdún. Èkíní ni òwò obì. Gbànja tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Agége àti ní àwọn ibòmíràn ní ìwọ̀-oòrùn di ọjà tí ọkọ̀ ojú irin ń kó lọ sí Òkè Ọya, níbi tí àwọn Mùsùlùmí tí kì í mu ọtí ti ń fi obì ṣe àlejò. Àwọn oníṣòwò Haúsá tẹ̀dó sí Sábó ní Ìbàdàn. Òwò obì àti màlúù ni Abner Cohen (1969) fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwádìí rẹ̀ nípa wọn. Bí obì ti ń lọ sókè ni àwọn ọjà Òkè Ọya pẹ̀lú ń sọ̀kalẹ̀ wá, dàbínù sì wà lára wọn. Bí èso aginjù ṣe bá èso igbó jókòó lórí àwo kan náà nìyẹn.

Èkejì ni ohun èlò. Awo tánganran tí a fi òdòdó kùn, ife dígí àti tírè gba ipò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá. Wọ́n ń dán, wọ́n sì ń fi hàn pé ilé náà ti bá ayé tuntun pàdé. Ní àsìkò yìí náà ni tábìlì tí a tẹ́ aṣọ funfun lé bẹ̀rẹ̀ sí hàn ní ilé àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò kòkó. Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1929 lórí òkè tí ó kọjú sí àárín ìlú àtijọ́, di ibi ìpàdé àti ayẹyẹ ìlú, ó sì sọ jíjókòó yí tábìlì ká di ohun ojú gbogbo ayé. Ní agbo ilé, àlejò àti onílé ń na ọwọ́ sí igbá kan tí ó wà nílẹ̀. Lórí tábìlì, ohun tí a tò kọ́kọ́ jẹ́ ti ojú kí ó tó di ti ọwọ́. Ẹ̀ṣọ́ pọ̀ sí i, ìpín sì dín kù.

Ìtàn Akínyẹlé fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ bí ìgbà tuntun àti ìrántí ṣe jọ gbé. Aṣáájú ìjọ Kírísítẹ́nì ni, òun sì ni ó kọ ìtàn ìlú ní èdè ìlú ní 1911. Ó jẹ Olúbàdàn ní 1955, ó sì wà lórí oyè di 1964. Ìlú tí ń pa iná fún òkè kò rí ohun tí ó burú nínú kí onígbàgbọ́ jẹ́ olórí rẹ̀.

Ìṣínu, Kérésìmesì àti ẹrù ìyàwó

Ẹ̀sìn tuntun kò pa ìpanu àìdáná rẹ́. Ó wá ọjọ́ mìíràn fún un. Ní agbègbè Ọjà'ba, níbi tí Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ wà, dàbínù àti omi ni wọ́n fi ń ṣínu nínú oṣù àwẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sunna Ànábì, kí wọ́n tó kírun kí wọ́n sì tó kọjú sí oúnjẹ gbígbóná. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfiwé tí ó wà níbí yẹ ní àkíyèsí. Ohun tútù tí a fi ń kádìí ebi ni ìṣínu. Ohun tútù tí a fi ń rántí ebi ni ti Òkè'Bàdàn. Ará Bẹẹrẹ tí ó mọ èkíní láti kékeré kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó lóye èkejì.

Nígbà Kérésìmesì àti Iléyá, àwo a máa lọ láti ilé Kírísítẹ́nì sí ilé Mùsùlùmí, a sì máa ti ọ̀hún bọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ń lọ tí ń bọ̀ jẹ́ ìrẹsì àti ẹran, ṣùgbọ́n èso àti obì kì í wọ́n lára rẹ̀. Ibi tí igbá àìdáná ti wá gbilẹ̀ jùlọ lónìí ni ayẹyẹ ìdána. Ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ní ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, obì 42, orógbó 42 àti ataare 42 wà lára ẹrù tí ẹbí ọkọ ń kó wá, pẹ̀lú oyin, iyọ̀, ṣúgà àti agbọ̀n èso ńlá. Wọ́n máa ń fi ọ̀rá dídán wé agbọ̀n náà, wọ́n a so ríbọ́nì mọ́ ọn, wọ́n a sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ òdòdó sí ara bàrà pupa. Alága ìjókòó yóò pe ìyàwó, yóò sì máa gbé ohun kọ̀ọ̀kan sókè fi ṣe àdúrà. Iṣẹ́ tí ìyá ilé ń ṣe ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ti di iṣẹ́ tí a ń sanwó fún.

Ìyípadà yìí ní èrè, ó sì ní àdánù. Èrè rẹ̀ ni pé ọgbọ́n títò kò kú, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rí oúnjẹ òòjọ́ nínú rẹ̀. Àdánù rẹ̀ ni pé wọ́n ti ń ka agbọ̀n náà sí ohun àfihàn nìkan. Obì 42 wà níbẹ̀ nítorí pé ìwé ẹrù sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ní ibi àríyá, ohun díndín bíi pọfupọ́ọ̀fù àti sàmósà ti gba ipò obì gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kọ́kọ́ gbé wá. Ní ọjọ́ Òkè'Bàdàn pàápàá, ìgboro Ìbàdàn ti tóbi kọjá ibi tí òfin iná lè mú gbogbo ààrò. Lójú ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀, àìdáná yóò jọ ìfòyà òrìṣà lásán, agbọ̀n èso yóò sì jọ àṣà tí a yá lọ́dọ̀ òyìnbó. Kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Ìgúnlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni àgbéyẹ̀wò yìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àkọ́kọ́, ìpanu àìdáná ní Ìbàdàn àtijọ́ kì í ṣe àfikún sí oúnjẹ ọdún. Ní ọjọ́ tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú kàlẹ́ńdà ìlú, òun gan-an ni oúnjẹ náà. Èkejì, pípa iná jẹ́ ọ̀nà tí àwọn tí kò bá Lágelú tan fi di ọmọ ìlú Lágelú. Ìjíròrò lórí ta ni ó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn gidi kò tíì tán títí di òní, ó sì sábà máa ń dá lé ìran àti oyè. Ẹ̀rí ààrò tútù fi hàn pé ìlú náà ti fìgbà kan ní òṣùwọ̀n mìíràn: ẹni tí ó bá gbà láti bá wa rántí ebi ti di ara wa. Ẹ̀kẹta, títò àti ṣíṣe lẹ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe ohun tí ó dé pẹ̀lú tábìlì òyìnbó. Igbá fínfín, obì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun àti ọsàn oníláìnì ti wà ní ọwọ́ àwọn obìnrin Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí èdè tí wọ́n fi ń sọ ibi tí ilé wọn ti wá àti ibi tí ó dé.

Iṣẹ́ kù fún àwọn onímọ̀ tí ó wà ní ìtòsí. Àwọn ìyá àgbà tí ó rántí bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ di ọjọ́ àìdáná ṣì wà ní àwọn agbo ilé Ọjà'ba, Mápó àti Bẹ́yẹrúnkà. Orúkọ àwọn ohun èlò, bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n àti ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ na ọwọ́ sí wọn jẹ́ ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan, tí yóò sì bá wọn lọ bí a kò bá gbà á sílẹ̀. Wọ́n ti gba ìtàn àwọn balógun sílẹ̀ tán. Ó yẹ kí a wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó gbé igbá obì síwájú àwọn balógun náà.